Ilé tí ó wó ní Ìkòtún àti ọ̀rọ̀ "Àmúwá Ọlọ́run"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi èyí kún un pé òtítọ́ kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹnì kan ní láti gbé e rìn. Ìtàn tí mo mú wá lónìí ni ti ilé kan tí ó wó ní Ìkòtún, ní Alímọ̀ṣọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ní ọdún 2014. Mo fẹ́ kí a wo bí ilé náà ṣe wó, kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn sọ nípa rẹ̀, kí a sì wo àwọn tí wọ́n gbé òtítọ́ rìn lẹ́yìn rẹ̀.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ilẹ̀ tí ilé náà dúró lé. Ilẹ̀ Àwórì ni. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé nígbà tí Ògúnfúnminírè, ẹni tí a ń pè ní Ọlọ́fin, ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ojú omi ni ó gbé àwo kan lé, tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí wọ́n tẹ̀dó sí. Wọ́n dé Ìṣẹ̀rì, tí ó wà ní Alímọ̀ṣọ́ títí di òní, wọ́n sì gbé ibẹ̀ pẹ́. Nígbà tí àwo náà rì níkẹyìn ní apá Èkó, "àwo ti rì" ni wọ́n ń wí, èyí ni ó sì di Àwórì. Èmi kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí kò gbà pé ènìyàn lè kàn dé ibì kan kí ó gbé ilé kalẹ̀. Wọ́n bi ilẹ̀ léèrè ná, wọ́n sì dúró gba èsì.

Lónìí, èrò ti kún Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndó bí omi òjò. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ará Alímọ̀ṣọ́ lé ní mílíọ̀nù kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní irọ́ ni, wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Èyí tí a bá gbà nínú méjèèjì, ó dájú pé èrò ibẹ̀ pọ̀. Ibi tí èrò bá sì ti pọ̀, ilẹ̀ a máa wọ́n. Onílé tí kò rí ilẹ̀ kún ilẹ̀ a máa wo òkè. Yóò fi àjà kan lé àjà tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, yóò sì tún fi òmíràn lé e.

Ní Ìkòtún yìí ni ìjọ Synagogue, Church of All Nations fìdí kalẹ̀ sí. Wòlíì T. B. Joshua, ọmọ Arígìdì Àkókó tí a bí ní 1963, ni ó dá a sílẹ̀. Òkìkí ìjọ náà kàn dé ilẹ̀ òkèèrè, àwọn àlejò sì ń ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá wá ìwòsàn àti àdúrà níbẹ̀. Ìjọ náà ní ilé tí àwọn àlejò ń dé sí nínú ọgbà rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò náà, alájà mẹ́fà, wó lulẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Ènìyàn 116 ni ó kú. Ó lé ní 80 nínú wọn tí ó ti Gúúsù Áfíríkà wá. A yọ àwọn tí ó lé ní 100 láàyè, púpọ̀ nínú wọn pẹ̀lú ọgbẹ́.

Kí eruku tó rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jà. Ìjọ náà gbé àwòrán fídíò jáde pé ọkọ̀ òfurufú kan ń fò yí ilé náà ká kí ó tó wó, wọ́n sì ní kí a wo ọwọ́ ọ̀tá nínú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn sì wà láàárín ìlú tí wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí a má ṣe béèrè nǹkan kan mọ́.

Èmi tí mò ń kọ́ èdè, ọ̀rọ̀ wọ̀nyí mú mi ronú. Nínú èdè wa, a lè sọ pé "ilé wó", a sì lè sọ pé "wọ́n wó ilé." Èkejì ní olùṣe, èkínní kò ní. Bí a bá ti sọ pé "ilé wó," ó dà bí ẹni pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó pinnu láti wó, tí kò sí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀tá mú "wọ́n wó ilé", àwọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ àmúwá mú "ilé wó." Ṣùgbọ́n ọ̀nà kẹta wà, tí gbólóhùn méjèèjì kò gbé: pé ẹnì kan lè kọ́ ilé ní ọ̀nà tí yóò fi wó, láìní ìkórìíra sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé kò jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀nà kẹta yìí ni òwò ẹni tí ń ṣe ìwádìí.

Ìwádìí náà kò rọrùn. Ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣòro ni iye òkú. Àwọn òṣìṣẹ́ àjọ NEMA, tí ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì, sọ ní gbangba pé àwọn kan nínú ìjọ náà kò jẹ́ kí àwọn ráyè ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Iye tí a kọ́kọ́ gbọ́ kéré. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, Ààrẹ Jacob Zuma ti Gúúsù Áfíríkà ni ó jáde sọ fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé 67 nínú àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà ti kú. Ẹ wò ó bí ó ti rí: ará ilé ń ka òkú ní ẹyọ ẹyọ, àlejò ti ka tirẹ̀ kọjá 60.

Ẹni tí ó gbé òtítọ́ rìn nínú èyí ni Ọ̀jọ̀gbọ́n John Obafunwa, àgbà oníṣègùn tí ń yẹ òkú wò fún ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó tún jẹ́ ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ yẹ àwọn òkú wò, wọ́n sì mú àpẹẹrẹ láti ara wọn kí a lè fi DNA mọ ẹni tí olúkúlùkù jẹ́. Òkú ti bàjẹ́, ẹbí ń ké pe òkú wọn, ìjọba méjì ń béèrè èsì. Ó rọrùn kí a fún ẹbí kan ní òkú kan kí ariwo lè dẹwọ́. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì kọjá kí òkú 74 tó padà dé Gúúsù Áfíríkà ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn náà. Ìdúró náà dun àwọn ẹbí, ó sì tọ́ kí ó dùn wọ́n. Síbẹ̀, èwo ni ó burú jù: kí ìyá dúró oṣù méjì kí ó sin ọmọ rẹ̀, tàbí kí ó sin ọmọ ọlọ́mọ kí ó má sì mọ̀ láéláé?

Ohun kejì ni ìdí tí ilé náà fi wó. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó tí a ṣe ní 2007 fi àṣẹ fún adájọ́ kan láti wádìí ikú tí kò bá ti ọwọ́ àìsàn tàbí ogbó wá. Adájọ́ Oyetade Komolafe ni ó jókòó lórí ọ̀ràn yìí ní Ìkẹjà. Àwọn ẹnjiníà wá jẹ́rìí, àwọn oníṣègùn wá jẹ́rìí, àwọn ará ìjọ náà wá sọ tiwọn. A ránṣẹ́ pe wòlíì fúnra rẹ̀, kò wá. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje ọdún 2015, adájọ́ náà ka àbájáde rẹ̀: kì í ṣe ọkọ̀ òfurufú, kì í ṣe àdó olóró, ìgbékalẹ̀ ilé náà ni kò lágbára tó, ìjọ náà kò sì gba ìwé àṣẹ kí ó tó kọ́ ọ. Ó ní kí ìjọba bá ìjọ náà àti àwọn ẹnjiníà tí wọ́n kọ́ ilé náà ṣe ẹjọ́. Ìjọ náà kò fara mọ́ àbájáde yìí. Ní 2016, ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Ìkẹjà, wọ́n sì ní àwọn kò jẹ̀bi. Wòlíì náà kú ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2021.

Ẹnì kan lè bi mí pé: ìwé lásán, báwo ni yóò ṣe gbé ilé dúró? Òótọ́ ni, ìwé kì í gbé ilé dúró. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà lẹ́yìn ìwé náà. Àjà tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ ń gbé ara rẹ̀ lé bíìmù, bíìmù ń gbé ara rẹ̀ lé òpó, òpó ń gbé ara rẹ̀ lé ìpìlẹ̀, ìpìlẹ̀ sì ń gbé gbogbo wọn lé ilẹ̀. Bí a bá fi àjà kan kún un lókè, gbogbo òpó tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ó ń rù ú, títí dé òpó ìsàlẹ̀ pátápátá. Bí irin inú òpó bá tín-ín-rín ju bí ó ti yẹ lọ, bí bíríkìlà bá dín sìmẹ́ǹtì kù tí ó fi yanrìn kún un, ojú kò ní rí i. A ó rẹ́ ẹ, a ó kùn ún lọ́dà, yóò sì máa dán. Nítorí èyí ni òfin fi ní kí ẹnjiníà ṣírò ohun tí òpó lè rù, kí a yẹ ilẹ̀ wò, kí òṣìṣẹ́ ìjọba sì wá wo irin kí a tó da kọnkéré bò ó. Ìwé àṣẹ ni ẹ̀rí pé ẹni tí kò ní èrè nínú ilé náà ti wo ohun tí ojú kò ní rí mọ́. Ẹni tí ó bá kọ ìwé náà sílẹ̀, ẹlẹ́rìí ni ó kọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ tí ó fọwọ́ sí ìwé láìdé ibi iṣẹ́: irọ́ ni ó tẹ òǹtẹ̀ lù.

Kí a má ṣe rò pé ọ̀ràn dúdú tàbí ọ̀ràn ìjọ nìkan ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé ńlá kan tí a ń pè ní Rana Plaza wó ní orílẹ̀-èdè Bangladesh. Ó pa ènìyàn tí ó lé ní 1,100, àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rán aṣọ fún ọjà àwọn òyìnbó. Wọ́n ti fi àjà kún ilé náà láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, ògiri ti sán. Báńkì tí ó wà nínú ilé náà ní kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ má wá mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ilé aṣọ ní kí àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ kò sí wòlíì, kò sí ìjọ. Owó ni wọ́n ń sáré lé. Láyé àtijọ́ pàápàá, ní Bábílónì, nǹkan bí ọdún 1750 ṣáájú ìbí Krístì, òfin ọba Hammurabi sọ pé bí ilé bá wó pa onílé, pípa ni a ó pa ẹni tí ó kọ́ ọ. Òfin náà le jù, èmi kò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ aráyé ti mọ̀ pé ilé kì í dá wó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nínú wa ni ẹnjiníà ọ̀la wà, nínú wa ni oníṣègùn, oníṣòwò àti olùwádìí wà. Olùwádìí tí ó fi iye tí kò kà sínú ìwé rẹ̀, ó ti fi àjà kún ilé láìwo òpó. Apòògùn tí kò yẹ èròjà wò kí ó tó dà á sínú ìgò, ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tí kò dán an wò kí ó tó tà á, bákan náà ni wọ́n. Iṣẹ́ gbogbo wọn ní ibi tí oníbàárà kò lè fojú rí. Ibi tí ojú oníbàárà kò dé gan-an ni ìwà ọmọlúàbí ti ń ṣiṣẹ́.

Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ pé ikú àti ìyè wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ṣe àmín sí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kọ́ ni ó po sìmẹ́ǹtì, Òun kọ́ ni ó sì yan irin. Bí a bá kó iṣẹ́ ọwọ́ wa lé E lórí, a ti purọ́ mọ́ Ọ, a sì ti gba ẹ̀tọ́ àwọn òkú lọ́wọ́ wọn. Ìpalẹ́numọ́ yìí náà ni ó sì ń jẹ́ kí ilé tún máa wó. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ilé tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ó sì pa àwọn ọmọdé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, ó pa ènìyàn tí ó lé ní 40.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí a bá gbọ́ pé ilé wó, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn tí ń sunkún sunkún, kí a sì gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, kí a béèrè: ta ni ó kọ́ ọ, ta ni ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé rẹ̀ dà? Àwọn Àwórì ayé àtijọ́ bi ilẹ̀ léèrè kí wọ́n tó tẹ̀dó. Kò yẹ kí ojú àwa tí a kàwé tì wá láti béèrè.