Ilé Basing: Odi Ìjòyè tí Ó Di Bíríkì Ará Abúlé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí òwe yìí ni pé bí iná bá jó ilé, àwọn tí yóò tún un kọ́ ṣì wà nítòsí. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ilé ìjòyè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jó, tí àwọn tí ó ni ín ṣì wà láàyè, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tún un kọ́ mọ́. Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún ni pé: kí ni ó ń parẹ́ nígbà tí ilé bá parẹ́?

Basing wà ní agbègbè Hampshire, lẹ́bàá ìlú Basingstoke. Ìdílé de Port, tí ó bá àwọn Norman dé, ni ó kọ́kọ́ tẹ odi síbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ yàrà yípo, wọ́n sì fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ òkìtì gíga. Nígbà tí ó di ọdún 1531, Ọba Henry Kẹjọ fún William Paulet ní àṣẹ láti mọ odi sí ibùgbé rẹ̀. Paulet kọ́ ilé bíríkì ńlá sínú òkìtì àtijọ́ náà, a sì tún kọ́ òmíràn tí à ń pè ní Ilé Tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí aráàlú lásán ní ilé tí ó tóbi tó o nígbà náà. Paulet di Marquess of Winchester, ó sì jẹ́ akápò ìjọba láti ọdún 1550 títí ó fi kú ní ọdún 1572. Ó sin Henry, Edward, Mary àti Elizabeth, bẹ́ẹ̀ ẹ̀sìn ìjọba ń yí padà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. A gbọ́ pé nígbà tí wọ́n bi í léèrè àṣírí rẹ̀, ó ní igi tí ń tẹ̀ ni òun, òun kì í ṣe igi líle.

John Paulet, ẹni karùn-ún tí ó jẹ oyè náà, kò tẹ̀ ní tirẹ̀. Ọmọ ìjọ Àgùdà ni, ó sì dúró ti Ọba Charles Kìíní nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1642. Basing kò jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti London lọ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí náà kò ṣeé fojú fò fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ilé Aṣòfin. William Waller kọlù ú ní oṣù kọkànlá ọdún 1643, kò rí i mú. Richard Norton dó tì í ní ọdún 1644 kí ebi lè pa àwọn ará inú rẹ̀, ṣùgbọ́n Henry Gage gba Oxford wá ní oṣù kẹsàn-án, ó sì kó oúnjẹ àti ẹ̀tù wọlé fún wọn. Thomas Johnson, onímọ̀ ewé àti egbò tí ó tún ìwé ńlá John Gerard ṣe ní ọdún 1633, kú nínú ìjà ibẹ̀.

Ní ọdún 1645, ìyapa ẹ̀sìn wọ inú odi fúnra rẹ̀. Àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí Marmaduke Rawdon jẹ́ olórí wọn kúrò níbẹ̀, agbára ilé náà sì dín kù. Nígbà tí Oliver Cromwell kó ìbọn àgbá ńlá dé ní oṣù kẹwàá, odi náà kò lè pẹ́ mọ́. Ó ṣubú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà. Wọ́n pa ọ̀pọ̀, wọ́n kó ẹrù, iná sì sọ nínú ilé. Inigo Jones, ayàwòrán ilé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí a mú. Kúbùsù ni wọ́n fi gbé e jáde nítorí pé wọ́n ti bọ́ ọ láṣọ. Wọ́n fi Paulet sí àtìmọ́lé ní Tower of London.

Kì í ṣe iná ni ó pa Basing rẹ́ pátápátá. Ilé Aṣòfin pàṣẹ pé kí a wó o, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ru òkúta tàbí bíríkì rẹ̀ lọ ni ó ni ín. Ọgbọ́n ìjọba ni èyí: àwọn ará àdúgbò di alágbàṣe tí kò gba owó, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ dá bíríkì padà. Nígbà tí ọba padà sórí ìtẹ́ ní ọdún 1660, ilẹ̀ ni Paulet rí, kò rí ilé. Englefield ni ó kú sí ní ọdún 1675. Ọmọ rẹ̀ di Duke of Bolton ní ọdún 1689.

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Nínú èdè Yorùbá, ilé ni ibi tí à ń gbé, ilé náà sì ni ìdílé. Bí a bá ní ilé kan ti tú, àwọn ènìyàn ni à ń sọ ju ògiri lọ. Ní Basing, ògiri ni ó tú, ìdílé kò tú. Igi tí ó kọ̀ láti tẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ tún rúwé níbòmíràn.

Lónìí, yàrà àti òkìtì ṣì wà níbẹ̀, àká bíríkì ńlá kan sì dúró digbí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú ìpìlẹ̀ àwọn yàrá jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ rí ilé náà gan-an ní láti wo ara ògiri àwọn ilé àtijọ́ ní abúlé Old Basing, níbi tí a ti rí lára àwọn bíríkì rẹ̀. Ilé ìjòyè jó. Ilé àwọn aráàlú ni ẹwà rẹ̀ bù sí.