Bí a ṣe lè fi fíìmù kọ́ àwọn ọ̀dọ́langba ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ifangni

Ifangni, tí àwa ń pè ní Ìfọ̀nyìn, wà ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Igolo tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló kángun sí Ìdí-Ìrókò, ní ìpínlẹ̀ Ògùn ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ń sọ Yorùbá nílé, wọ́n ń fi Faransé kàwé, wọ́n sì ń bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ lè mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì dáadáa nínú ìwé, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá sọ ọ́ sí i létí, kó má yé e. Ibí yìí ni fíìmù ti wúlò.

Irú fíìmù wo?
Oríṣi méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni fíìmù Yorùbá tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ rẹ̀, bíi Ṣaworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání. Etí ń gbọ́ Yorùbá, ojú ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ó dára fún kíkọ́ ọ̀rọ̀ tuntun, àmọ́ kò lè la etí ọmọ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ìkejì ni èyí tí wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú rẹ̀, bíi Dazzling Mirage (2014) ti Kèlání kan náà, tó dá lórí ọmọbìnrin tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Èdè wo ló yẹ kó wà nísàlẹ̀?
Ní 2009, Holger Mitterer àti James McQueen fi fíìmù tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Scotland àti ti Australia han àwọn ará Netherlands. Àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀ ni ohùn àjèjì náà tètè mọ́ lára. Kíka èdè tiwọn kò ṣe irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi Faransé sísàlẹ̀: ojú á gba Faransé, etí á sùn.

Bí a ṣe ń ṣe é
1. Ẹ kọ́kọ́ dá wo fíìmù náà. Ẹ mú ìṣẹ́jú mẹ́ta péré nínú rẹ̀.
2. Ẹ pa ohùn rẹ̀. Kí àwọn ọmọ fi Yorùbá sọ ohun tí wọ́n rò pé ó ń ṣẹlẹ̀.
3. Ẹ ṣí ohùn, kí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sílẹ̀.
4. Ẹ fi bébà bo ìsàlẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i.
5. Kí méjì-méjì wọn ṣe eré náà fúnra wọn.

Tí kò bá sí tẹlifíṣọ̀n, fóònù kan àti sípíkà kékeré ti tó. Ẹ ṣáà ti gba iná sí i kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o
Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ fíìmù a máa ní àṣìṣe. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wá a rí. Ẹ̀kọ́ nìyẹn náà. Píjìn tí wọ́n ń gbọ́ nínú àwọn fíìmù kan kò burú, ó wúlò lọ́jà, àmọ́ kò ṣeé kọ sínú ìdánwò BEPC. Ẹ fi ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn wọ́n. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹni tó bá ṣì í sọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí ojú ń tì láti lanu ní kíláàsì kò ní lè lanu ní Ìdí-Ìrókò.