Ohun Tí Ahọ́n Kò Sọ: Ìtàn Nadia àti Stephen

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ̀ pé ẹnu nìkan kọ́ ni ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pàrokò ránṣẹ́ síra wọn: owó ẹyọ, ìyẹ́ àti okùn a máa jíṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ìlú Baltimore, kọ àkọsílẹ̀ nípa ọmọ 11 ní ọdún 1943, tí orúkọ ọ́tísìmù sì mọ́ irú ipò wọn lára, ohun tí àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ló gba ọkàn àwọn ènìyàn fún ìgbà pípẹ́.

Ìlú Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí Nadia Chomyn sí ní ọdún 1967. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò tó nǹkan, síbẹ̀ láti nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ló ti ń fi bíírò ya ẹṣin àti ẹni tó gùn ún lọ́nà tó ya àwọn àgbà lẹ́nu. Lorna Selfe, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1977. Ṣùgbọ́n bí Nadia ṣe ń kọ́ èdè díẹ̀díẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀bùn náà ń lọ sílẹ̀. Ó kú ní ọdún 2015. Àríyànjiyàn kò sì tán lórí rẹ̀: ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ló lé àwòrán lọ ni?

Ìtàn Stephen Wiltshire yàtọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1974, àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti erékùṣù Kàríbíánì. Kò sọ̀rọ̀ nígbà èwe rẹ̀. Àwòrán ló ń yà. Ní ilé ẹ̀kọ́ Queensmill, àwọn olùkọ́ gba ohun èlò ìyàwòrán lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí ó lè béèrè fún un. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "bébà". Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó yẹ fún àròjinlẹ̀: ohun tí ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè sọ̀rọ̀.

Stephen sọ̀rọ̀, kò sì pa àwòrán tì. Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1987. Ní ọdún 2005, hẹlikópítà gbé e yí òfurufú Tokyo ká, ó sì ya ìlú náà láti inú ìrántí sórí aṣọ tó gùn ní mítà 10. Ní ọdún 2006, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá.

Ìgbésí ayé ẹnì kan kò tó láti sọ ìdí tí Nadia fi jáwọ́, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé àwòrán àti ọ̀rọ̀ ẹnu kì í ṣe ọ̀tá ara wọn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ní ọ́tísìmù ló máa ya odidi ìlú láti inú ìrántí, kò sì yẹ kí a máa retí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni yóò ya ilà kan náà léraléra, tí kò ní í ta lọ́jà. Iṣẹ́ òbí àti olùkọ́ ni láti jókòó tì í, kí wọ́n wo ohun tó yà, kí wọ́n sì fún un ní bébà mìíràn kí ó tó béèrè.