Ààfin Tí Ó Kúrò Nílé: Orúkọ Oyè àti Òfin Àrólé ní Òkè-Ògùn láti Ìgbà Ìgbòho

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè lọ́wọ́ mi ní kíláàsì bí ó bá ṣeé gbà gbọ́ pé ìlú kan lè dìbò yan ọmọbìnrin ọmọ ọdún 14 sípò ọba. Inú fíìmù Star Wars ni ó ti rí i: ní ayé tí wọ́n ń pè ní Naboo, wọ́n dìbò fún Padmé Naberrie, ó gba orúkọ oyè Amidala, nígbà tí sáà rẹ̀ sì pé, ó kúrò lórí ìtẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì fi Wakanda inú fíìmù Black Panther ti ọdún 2018 dá a lóhùn, níbi tí ẹni tí yóò jọba ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró de ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bá a jà. Ẹnì kẹta mẹ́nu ba Dune, ìwé tí Frank Herbert tẹ̀ jáde ní 1965, nínú èyí tí Paul Atreides fi ogun gba ìtẹ́, tí ó sì fi ọmọ ọba tí ó ṣẹ́gun ṣe aya kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ibi tí wọ́n parí èrò sí ni pé àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ oní-sáyẹ́ǹsì lè ṣe òfin ìjọba bí ó bá ti wù wọ́n, nítorí ayé àfinúdá ni. Ṣùgbọ́n ní tiwa, àṣà àwọn baba ńlá ni, kò sì ṣeé yí padà.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, nítorí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ń sọ ọ́. A ń gbọ́ ọ lẹ́nu agbẹjọ́rò, lẹ́nu afọbajẹ àti lẹ́nu ọmọ oyè nígbàkúùgbà tí ìtẹ́ kan bá ṣófo. Èrò tèmi ni pé òfin àrólé ní Ọ̀yọ́ àti ní àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò dúró sójú kan rí. Ìṣòro ni ó bí i, ìṣòro mìíràn ni ó sì ń pa á dà. Ilẹ̀ pápá Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn lọ dé Ṣakí àti Ìgbòho, kún fún ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ Àtìbà ni ojú àwọn òǹkọ̀wé sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara orúkọ oyè. Samuel Johnson, nínú The History of the Yorubas tí ó parí ní 1897 ṣùgbọ́n tí kò jáde títí di 1921, to orúkọ àwọn ọba Ẹkùn Ọ̀tún sílẹ̀. Bí a bá fetí sí àwọn orúkọ náà dáadáa, a ó rí i pé ọ̀wọ́ méjì ni wọ́n. Àwọn kan gbé orúkọ ìlú wọn wọ̀: Asẹ́yìn ni ó ni Ìsẹ́yìn, Eléruwà ni ó ni Èrúwà, Oníwéré ni ó ni Ìwéré. Àwọn mìíràn kò gbé orúkọ ìlú kankan. Ọba Ṣakí kì í ṣe Oníṣakí, Ọkẹ̀rẹ̀ ni. Ọba Òkèhò kì í ṣe Olókèhò, Onjó ni. Ní Ìgbòho, Johnson kò kọ Onígbòho. Ọ̀nà Oníbodè ni ó kọ, oyè tí ó dún létí bí iṣẹ́ ààfin, nítorí oníbodè ni ẹni tí ń ṣọ́ ẹnubodè, tí ó sì ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò. (Nínú ìtàn Yemọja, níbi tí aya ti sá kúrò lọ́dọ̀ ọkọ tí ó fi ọmú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí aya di odò, tí ọkọ sì di òkè láti dí i lọ́nà, Ọkẹ̀rẹ̀ Ṣakí ni wọ́n ń pe ọkọ náà. Orúkọ oyè nìkan ni ó ṣẹ́ kù fún un nínú ìtàn.)

Ọ̀wọ́ kejì yìí ni oyè Aláàfin fúnra rẹ̀ wà. Oní-ààfin ni, ààfin ni ó ni, orúkọ náà kò sì sọ ìlú tí ààfin náà gbọ́dọ̀ wà. Bí ọ̀rọ̀ eré ni èyí rí, ṣùgbọ́n ìgbà kan wà tí ààfin wà tí Ọ̀yọ́ kò sí.

Ní ọ̀rúndún 16, nígbà ayé Aláàfin Onígbogí, àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé. Ọba sá lọ sí Gbere ní ilẹ̀ Ìbàrìbá, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Òfínràn ọmọ rẹ̀ jọba lẹ́yìn rẹ̀ ní ìgbèkùn. Nígbà tí àárín àwọn àlejò àti onílé kò gún mọ́, Òfínràn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó gba Kùsù, ó dé Ṣakí, ikú sì pa á síbẹ̀. Egúnojú ọmọ rẹ̀ ni ó kúrò ní Ṣakí tí ó lọ tẹ Ìgbòho dó. Lẹ́yìn Egúnojú, Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ jẹ, lẹ́yìn rẹ̀ Ajíbóyèdé, lẹ́yìn rẹ̀ Abípa, ẹni tí ó mú ààfin padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Ní gbogbo ìgbà yìí, kò sí ẹni tí ó sọ pé ọba kì í ṣe Aláàfin mọ́ nítorí pé Ọ̀yọ́ ti tú. Nínú Dune, ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ọba ni ó ń gba oyè rẹ̀. Ọba Tápà ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, ó gba ìlú, ṣùgbọ́n oyè Aláàfin kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Orí ẹṣin ni oyè náà ń gbé kiri láàárín Gbere, Kùsù àti Ṣakí.

Ẹ jẹ́ kí a wá dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀. Títí dé orí Egúnojú, láti ọwọ́ baba sí ọmọ ni oyè ń lọ ní ìgbèkùn. Orí rẹ̀ ni ètò náà ti yà. Robert Smith, tí ó ṣe ìwádìí lórí àwọn Aláàfin tí ó wà ní ìgbèkùn, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1965, gba ìtàn àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ pé obìnrin ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, pé ó jẹ́ àbúrò Egúnojú, àti pé ohun tí ó gbé e dé orí ìtẹ́ ni pé kò sí ọmọkùnrin tí ó tó jọba nígbà náà. Johnson kò sọ bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, jagunjagun ni Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀, ọba tí ó ní ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin àti ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn ogun, tí wọ́n ń so ewé mọ́ ìrù ẹṣin kí ó lè máa gbá ipasẹ̀ wọn rẹ́. Ọkùnrin ni ó sì pè é.

Àwọn onímọ̀ kan ti fi èyí ṣe àríyànjiyàn láàárín ẹ̀rí méjì: èwo ni a ó gbà, ti Johnson tàbí ti Smith? Ó dà bíi pé ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú ìyẹn. Èdè wo ni Johnson fi kọ ìwé rẹ̀? Arọ́kin tí ó bá ń sọ ìtàn Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ ní Yorùbá yóò sọ pé ó jọba, ó jagun, ó wàjà. Ọba kò sọ akọ, kò sọ abo. Aláàfin kò sọ ọ́. “Ó” kò sọ ọ́. Èèyàn lè gbọ́ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó má mọ̀, bí kò bá béèrè. Ṣùgbọ́n ní kété tí Johnson mú kálàmù láti kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kejì kò ní ṣeé kọ láìyan ọ̀kan. N kò sọ pé Johnson mọ̀ọ́mọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé “ọkùnrin” tí a kà nínú ìwé rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀ranyàn gírámà kí ó tó jẹ́ ẹ̀rí ìtàn, a kò sì lè gbé e sórí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹ̀rí ẹni tí a bi léèrè tí ó sì dáhùn.

Ìtàn Ajíbóyèdé tún fi ohun mìíràn hàn wá nípa oyè. Johnson sọ pé nígbà tí ọba Tápà gbógun dé, tí ìjà fẹ́ bọ́ sórí, Àjànlápá tí ó jẹ́ Òsì-Ìwẹ̀fà gba aṣọ àti adé ọba wọ̀, kí àwọn ọ̀tá lè rò pé òun ni Aláàfin. Ọfà bò ó. Ó kú ní ìdúró, eyín rẹ̀ sì wà ní síṣí bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ba àwọn Tápà, wọ́n tú ká, ọwọ́ sì tẹ ọba wọn. Láti ibẹ̀ ni Johnson ti mú àlàyé ìdí tí Òsì-Ìwẹ̀fà fi máa ń dúró ní ipò ọba níta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó kéré jù nínú àwọn olórí ìwẹ̀fà mẹ́ta, àti ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ bá ọba kú. Yálà ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ààfin fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ́wọ́ pé àǹfààní oyè yìí kò wá láti Ifẹ̀ tàbí láti ọ̀run. Ọjọ́ ogun kan ní ìgbà Ìgbòho ni ó wá.

Ní ti Abípa, Johnson sọ pé orúkọ rẹ̀ ń tọ́ka sí pé ipa ọ̀nà ni wọ́n bí i sí, nígbà tí ààfin ń ṣí lọ sí Ìgbòho. Àwọn ìjòyè kò fẹ́ bá a padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n ti ní ilé àti oko ní Òkè-Ògùn, ta ni yóò tún lọ ro ahoro? Wọ́n rán àwọn abirùn lọ sí ahoro náà láti máa ṣe bí iwin lóru; ọba rán ọdẹ, ọdẹ mú wọn, ọba sì dá “iwin” kọ̀ọ̀kan padà fún olówó rẹ̀ lójú ìgbìmọ̀. Ẹ̀rín ni ìtàn yìí máa ń pa wá, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé ibi tí ìtẹ́ wà gan-an jẹ́ ohun tí ọba àti ìjòyè lè jiyàn lé lórí.

A lè fo ọ̀rúndún méjì kọjá láìpàdánù púpọ̀, kí a dé ọ̀rọ̀ Àrẹ̀mọ. Johnson ṣàlàyé pé ní ìbẹ̀rẹ̀, àkọ́bí ní í jọba lẹ́yìn baba rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, wọ́n ṣe é lófin pé kí Àrẹ̀mọ máa bá baba rẹ̀ kú, kí ó má baà sí ọmọ tí yóò máa kánjú sí ikú baba. Òfin yìí ni Aláàfin Àtìbà fẹ́ yí padà. Ní 1858 ó ṣe ọdún Bẹbẹ, ọdún tí Ajíbóyèdé náà ti ṣe ní Ìgbòho, ó sì bẹ àwọn ìjòyè kí Adélù ọmọ òun má ṣe kú, kí ó jọba. Ìbàdàn gbà. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní Ìjàyè, kò gbà. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859 tí Adélù sì gorí ìtẹ́, Kúrunmí kọ̀ láti kí i ní ọba.

Àṣà ni Kúrunmí dì mú, a kò sì lè bá a wí lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n àṣà wo? Ti ìgbà tí Àrẹ̀mọ ń kú, kì í ṣe ti ìgbà tí Àrẹ̀mọ ń jọba, èyí tí Òfínràn àti Egúnojú jẹ àǹfààní rẹ̀ ní ìgbèkùn. Àtìbà náà lè pe tirẹ̀ ní àṣà, kí ó sì pẹ́ jù ti Kúrunmí lọ.

Òkè-Ògùn jẹ nínú ìyà àríyànjiyàn yìí. Ohun ìní Abù, obìnrin ọlọ́rọ̀ kan tí ó kú láìní àrólé ní Ìjannà, ni Ọ̀yọ́ àti Ìjàyè kọ́kọ́ jọ fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àrólé ọba di ìjà, àrólé obìnrin kan ni ó sì ṣáná sí i. Nígbà tí ogun bẹ́ ní 1860, Òkè-Ògùn ni oúnjẹ Ìjàyè ti ń wá, nítorí náà Ìbàdàn kọjú ogun sí àwọn ìlú wọ̀nyí láti dí ọ̀nà oúnjẹ. Ìwàwùn fọ́ nínú rẹ̀. Kúrunmí kú ní 1861, Ìjàyè sì tú ní oṣù Ẹrẹ́nà 1862. Àwọn àgbẹ̀ tí kò sí lára afọbajẹ, tí wọn kò sì lè jọba láéláé, ni wọ́n fi àká wọn san gbèsè ọ̀rọ̀ náà.

Ìjọba Òyìnbó mú ọ̀nà tirẹ̀ wá. Ross, Ajẹ́lẹ̀ wọn ní Ọ̀yọ́, gbé agbára Aláàfin Ládìgbòlù ga lórí àwọn ìlú tí kò ti rí irú rẹ̀ rí, pàápàá nípasẹ̀ ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà 1916, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde. Wọ́n pa Onjó tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kà sí ẹni Ọ̀yọ́ àti Òyìnbó. Ìjọba fi ìbọn pa ìdìde náà rẹ́, ní 1917 wọ́n sì kó àwọn ará Òkèhò kúrò lórí òkè àtijọ́ wá sí ibi tí ìlú wà lónìí. Onjó bá wọn sọ̀ kalẹ̀. Oyè tí kò gbé orúkọ ilẹ̀ kankan tún fi hàn pé òun lè rìn.

Òfin Oyè Jíjẹ ti Ìwọ̀-Oòrùn ní 1957 ni ó kó gbogbo èyí sínú ìwé: ilé ọlọ́mọọba mélòó ni ó wà, èwo ni ó kàn, àwọn wo ni afọbajẹ. Ohun tí ìgbìmọ̀ ń fi ẹnu tún ṣe láti ìran dé ìran di ohun tí a ń fi lọ́yà túmọ̀. Ní oṣù Igbe àti oṣù Èbìbí 2022, ìtẹ́ Aláàfin àti ti Asẹ́yìn ṣófo tẹ̀ lé ara wọn. Ìsẹ́yìn ní ọba ní 2023. Ọ̀yọ́ kò ní títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, lẹ́yìn awuyewuye láàárín afọbajẹ àti ìjọba ìpínlẹ̀. Ní gbogbo àkókò náà, “àṣà” ni ìhà kọ̀ọ̀kan ń pè, ìwé òfin 1957 ni wọ́n sì jọ ń ṣí.

Mo padà sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè nípa Naboo fẹ́ mọ ibi tí wọ́n sin Ọ̀rọ̀mpọ̀tọ̀ sí. Igbó Ọba ni, ní Ìgbòho, láàárín àwọn Aláàfin yòókù.