Kíkó Ẹrù Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

 

Bí ènìyàn bá ń kó kúrò ní ilé àtijọ́ lọ sí ilé tuntun, ohun méjì ni ó ń kó lọ. Èkíní ni ẹrù: àpótí, ẹní, ìkòkò, àga. Èkejì ni ètò ilé: ibi tí à ń gbé fìtílà sí, ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wà. Ẹni tí ó kó ẹrù lọ tí kò mú ètò dání, inú òkùnkùn ni yóò ti máa wá ìṣáná kiri. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kọ̀ǹpútà rí. Ẹrù rẹ̀ ni fáìlì: lẹ́tà, àwòrán, orin, ìṣirò owó. Ètò rẹ̀ ni bí ẹni tí ó ni ín ṣe fẹ́ kí ó máa ṣiṣẹ́: èdè tí yóò máa lò, bí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ yóò ṣe tóbi tó, ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ilé àti ọ́fíìsì káàkiri, láti nǹkan bí ọdún 1981 síwájú, àwo pẹlẹbẹ kékeré tí à ń pè ní flọ́pì ni àwọn ènìyàn fi ń kó fáìlì. Èyí tí ó wá wọ́pọ̀ jù nínú wọn kò gbà ju mẹ́gábáìtì 1.44 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí fóònù òde òní bá yà sábà máa ń pọ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá pọ̀ a máa ki flọ́pì bọnú ẹ̀rọ, a sì máa yọ ọ́, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ètò ńkọ́? Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún un tò, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní ọdún 2001, Microsoft gbé Windows XP jáde. Ohun èlò kan wà nínú rẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó kó fáìlì àti ètò láti inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ sínú tuntun. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí jẹ́. Ṣùgbọ́n kì í kó pírógíráàmù, èyíinì ni àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé kí ó tó lè ṣí fáìlì. Bí fáìlì bá dé tí pírógíráàmù rẹ̀ kò sí, ó dà bí lẹ́tà tí ó dé ilé tí kò sí ẹni tí ó lè kà á.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1085, Ọba William pàṣẹ pé kí wọ́n wádìí ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun tí ó wà lórí rẹ̀. Àwọn akọ̀wé fi Látìn kọ àbọ̀ ìwádìí ọdún 1086 náà sórí awọ ẹran, wọ́n sì ń pe ìwé náà ní Domesday. Ó ti lé ní 900 ọdún báyìí, ìwé náà ṣì wà, ẹni tí ó bá sì kọ́ Látìn àtijọ́ lè kà á.

Nígbà tí ó pé 900 ọdún, ní 1986, BBC ṣe Domesday tuntun. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ó lọ́wọ́ sí i, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n kọ nípa àdúgbò wọn àti ìgbé ayé wọn, wọ́n sì ya àwòrán. Orí àwo ńlá tí ó fẹ̀ tó àwo giramafóònù ni wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àkànṣe nìkan ni ó lè ka àwo náà, ó sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kò fi lè rà á. Kò pẹ́ tí wọn kò ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ọdún 20 tó pé, àwọn tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn kò tó nǹkan. Awọ ẹran 900 ọdún ń sọ̀rọ̀. Àwo àná ti fẹ́ ya odi.

Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Leeds àti ti Michigan ni ó gbà á sílẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ṣì kù ka àwo náà, wọ́n kó ohun inú rẹ̀ jáde. Wọn kò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n kọ pírógíráàmù kan tí ó mú kí kọ̀ǹpútà tuntun máa hùwà bí ti àtijọ́, bí ọmọ tí ń sín bàbá rẹ̀ jẹ. Ní ọdún 2002, wọ́n fi han gbogbo ayé. Ní 2011, BBC gbé ohun tí àwọn ará àdúgbò kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Ìgbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì ń mí ni ó yẹ kí a kó ẹrù inú rẹ̀, kí a sì wò ó bóyá ẹ̀rọ tuntun lè ṣí i. Kí ẹnikẹ́ni má ta ti àtijọ́, kí ó má sì fi ta ọmọ lọ́rẹ, títí yóò fi ṣí fáìlì rẹ̀ wò ní ibùdó tuntun. Àwòrán ìyá àgbà, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́, ìwé ìtàn ìlú: kò sí ọjà tí wọ́n ti ń tà wọ́n. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun.