Oríkì Kì Í Ṣe Ìlànà: Ìtàn Ohun Tí Kò Ṣeé Pín Nínú Áljẹ́bírà

Bí a bá ti fún ohun kan ní oríkì nínú ìṣirò, a máa ń rò pé a ti mọ bí a ṣe lè dá a mọ̀. Ìtàn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò yìí fi hàn pé kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òǹkà. 6 ṣeé pín sí 2 × 3, ṣùgbọ́n 7 jẹ́ òǹkà aláìṣeépín. Láti ìgbà Eratosthenes, ní ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Jésù, ni a ti ní ìlànà tí a fi ń ṣa irú òǹkà bẹ́ẹ̀ jọ.

Bákan náà ni áljẹ́bírà rí. x² − 1 ṣeé pín sí (x − 1)(x + 1). Ṣùgbọ́n x² − 2 kò ṣeé pín bí a bá gba odidi òǹkà àti ìdá nìkan láyè. Bí a bá gba √2 mọ́ wọn, ó ṣeé pín. Agbo òǹkà tí a gbà láyè ni ó ń pinnu rẹ̀. Ní 1882, Leopold Kronecker ní ilẹ̀ Jámánì gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún agbo odidi òǹkà àti ìdá. Ǹjẹ́ ìlànà wà fún gbogbo agbo?

Ní 1930, B. L. van der Waerden ṣe àlàyé ìdí tí kò fi lè sí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, "ìlànà" fúnra rẹ̀ kò tí ì ní oríkì tí ó ṣe pàtó. Ní 1936 ni Alan Turing fún un ní ọ̀kan: iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi parí. Ó sì fi hàn pé àwọn ìbéèrè kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò lè dáhùn.

Ní 1956, A. Fröhlich àti J. C. Shepherdson lo iṣẹ́ yìí láti fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ní ẹ̀rọ kan ń pe àwọn òǹkà aláìṣeépín kan jáde, tí a sì ń fi √ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kún agbo wa. Bí ó bá ti pe 7, x² − 7 ti ṣeé pín nìyẹn. Bí kò bá tí ì pè é ńkọ́? Ó lè pè é lọ́la, ó sì lè má pè é láéláé. A lè ṣètò ẹ̀rọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní sí ìlànà kankan tí yóò dá wa lóhùn nípa gbogbo òǹkà. A mọ oríkì, a mọ ìròpọ̀ àti ìsọdipúpọ̀ inú agbo náà, síbẹ̀ ọ̀nà àtimọ̀ kò sí.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ka oríkì lórí kò tí ì ní ìlànà lọ́wọ́. Ìlànà kì í sì í bá oríkì wọlé; ẹnìkan ni ó ní láti wá a rí.