Ọkàn àwọn eléré: láti Surulere 1989 dé AFCON 2022 🧵

Ẹ̀yin ọmọ monkey post Kétu àti Ìkòsí, ẹ sún mọ́bí. Ẹ̀yin tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní Wednesday, tí ẹ ti wọ bọ́ọ̀tù ní Saturday torí "ara ti yá", ìtàn yín rèé.

August 12, 1989. National Stadium, Surulere. Nàìjíríà àti Angola ń du World Cup. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, lọ́yà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣubú lórí pápá ní ìṣẹ́jú 77. Kò dìde mọ́. Wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò: ọkàn rẹ̀ ti tóbi jù, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ ló pa á o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa wo irú géńdé yẹn, tó máa rò pé ọkàn rẹ̀ ní wàhálà?

1996, Kanu gba góòlù Olympics, ó wọ Inter Milan. Àyẹ̀wò ibẹ̀ ló tú àṣírí ọkàn rẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Amẹ́ríkà, ó sì padà gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n tètè rí tiẹ̀ ni.

Covid wá dé. January 14, 2022, ìròyìn méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní AFCON, CAF ò jẹ́ kí Aubameyang àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Gabon bá Ghana gbá, torí ohun tí àyẹ̀wò ọkàn wọn fi hàn lẹ́yìn Covid. Ní Jámánì, Bayern kéde pé Alphonso Davies, tí wọ́n bí ní àgọ́ Buduburam ní Ghana, ní myocarditis.

Kí ni myocarditis? Ẹran ara ọkàn ló wú, torí ara ń bá fáírọ́ọ̀sì jà. Flu pàápàá lè fà á. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí o bá ń sáré lórí ọkàn tó wú, ó lè máa lù ségesège, ó sì lè dákẹ́ lójijì.

Davies jókòó bí oṣù mẹ́ta, April 6 ló padà, Villarreal ni wọ́n bá gbá. Aubameyang ní tiẹ̀, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní London, ó ní ọkàn òun ò ní nǹkan kan.

Àwa ńkọ́? Ní Kétu, gbogbo ara gbígbóná ni "malaria" (ẹ̀fọn ló ń gbé ìyẹn, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì). A ra oògùn ní kẹ́mísì, ó tán. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?

Tí ara bá ṣì ń gbóná, má gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá lọ, kọ́kọ́ máa rìn fún ọjọ́ mélòó kan. Tí àyà bá ń dùn ọ́, tí o ò lè mí dáadáa, tí ọkàn ń sáré lásán, tàbí o dákú, kúrò lórí pápá kíá. Gbágadà General ò jìnnà. Sọ fún dókítà pé àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ọ́, kí o sì béèrè ECG. Ẹni tí wọ́n bá rí myocarditis lára ẹ̀, oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń ní kó fi sinmi.